Ojú Kan Kò Tó

      

 Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má pa rédíò o. Ẹ má sọ pé, "Èmi ò ní kọ̀ǹpútà, kí ló kàn mí?" Ó kàn yín. Ṣé ẹ ní ọmọ níléèwé? Ṣé ẹ ní fóònù tó ń ya fọ́tò? Ṣé ẹ ti sanwó rí kí wọ́n bá yín tẹ ìwé ètò ìgbéyàwó tàbí ti ìsìnkú? Bí ẹ bá lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan péré nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tiyín ni ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Màá sì máa tún un sọ, kí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí rédíò rẹ̀ lè bá wa níbẹ̀. Òun nìyí: iṣẹ́ tó bá wà lójú kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà, ààbò kò tíì sí fún un. Ojú kan kò tó. Ẹ bá mi wí i: ojú kan kò tó.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ wọ ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí a ń pè ní secrétariat. Ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé jókòó sídìí ẹ̀rọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ti Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Kétu wá. Ó ń ka mémoire rẹ̀, ìwé ìwádìí ìparí ẹ̀kọ́ rẹ̀, síta láti inú ìwé àfọwọ́kọ, ọmọbìnrin ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀ láti àárọ̀. Ojú ìwé ń pọ̀ sí i. Fáànù ń fẹ́. Ẹ̀rọ fọ́tókópì ń dún lẹ́yìn wọn. Lójijì, iná lọ. Fáànù dúró. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ti fi pamọ́?"

Ẹ̀yin ará, ṣé ìbéèrè yẹn ti jáde lẹ́nu yín rí? Ṣé wọ́n ti bi yín rí?

Ta ló jẹ̀bi? Ṣé àwọn tó ni iná ni? Ṣé ọmọbìnrin yẹn ni? A lè dá ẹjọ́ ọ̀hún di ọ̀la. Kò ní dá ojú ìwé kan padà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní ibi méjì tó ń kó nǹkan sí. Àkọ́kọ́ ni ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ohun gbogbo tí ẹ bá ń tẹ̀, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ wà. Ibẹ̀ yára púpọ̀, ṣùgbọ́n iná ni ẹ̀mí rẹ̀. Iná lọ, ohun tó wà níbẹ̀ lọ. Èkejì ni ibi ìpamọ́. Ibẹ̀ kò bìkítà fún iná. Ohun tí ẹ bá kó síbẹ̀ lánàá, ẹ ó bá a lónìí. Kí ló ń gbé iṣẹ́ láti ibi àkọ́kọ́ lọ sí ibi kejì? Ọ̀rọ̀ kan ni, tí ẹ máa ń rí lójú ẹ̀rọ: Enregistrer. Bí ẹ kò bá tíì tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ yín kò tíì nílé.

Ẹ di Ctrl mú, kí ẹ tẹ S. Ìka méjì péré. Ẹ má dúró kí iṣẹ́ tó parí. Ìgbà tí ojú ìwé ṣì funfun ni kí ẹ ti fún un lórúkọ, kí ẹ fi pamọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìpínrọ̀ kan parí, ẹ tẹ Ctrl pẹ̀lú S. Fóònù dún, kí ẹ tó gbé e, ẹ tẹ̀ ẹ́. Oníbàárà wọlé, kí ẹ tó kí i, ẹ tẹ̀ ẹ́. Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kó mọ́ ìka yín lára débi pé ẹ ò ní mọ ìgbà tí ẹ ń ṣe é mọ́.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká ní bátìrì tirẹ̀, ó sàn díẹ̀. Àmọ́ èyí tó jókòó sórí tábìlì, kò ní nǹkan kan. Ẹ̀yin tẹ ni ṣọ́ọ̀bù, bí agbára bá ká a, ẹ ra onduleur, àpótí tó ń di iná mú fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo ní ìṣẹ́jú díẹ̀ o! Kì í ṣe pé kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Kí ẹ lè fi iṣẹ́ pamọ́, kí ẹ pa ẹ̀rọ bó ṣe yẹ ni.

Bí ẹ kò bá sì tíì fi pamọ́ tí iná lọ ńkọ́? Ẹ má tíì sunkún. Nígbà tí iná bá dé, ẹ ṣí Word. Ó máa ń dá apá kan pamọ́ fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó sì lè gbé e jáde fún yín ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Bí kò bá gbé e jáde, ẹ lọ sí Fichier, ẹ lọ sí Informations, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Gérer le document sí, ẹ wò ó níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá dára, ẹ ó rí èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ìka méjì yẹn ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹ̀yin tẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà là ń sọ. A ní iṣẹ́ tó bá wà lójú kan ṣoṣo kò ní ààbò. Ojú kan kò tó.

Ó dáa. Ẹ ti fi iṣẹ́ pamọ́. Ọkàn balẹ̀. Ṣé ó tán? Kò tán. Kọ̀ǹpútà lè bàjẹ́. Olè lè gbé e. Ọmọdé lè da omi sí i. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú wa fi ń da iṣẹ́ kọ sínú clé USB, èyí tí àwọn ará wa lápá Nàìjíríà ń pè ní fúláàṣì. Ó kéré, ó wọ àpò, ó rọrùn láti gbé. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Clé yìí wọ ẹ̀rọ tilé. Ó wọ ẹ̀rọ iléèwé. Ó wọ ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù, níbi tí àìmọye èèyàn ti ki tiwọn bọ̀ ọ́ kí tiyín tó débẹ̀. Àrùn tó bá wà lára ẹ̀rọ kan, clé ló ń gbé e dé ara èkejì.

Àrùn kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dá mọ̀. Ẹ ki clé bọ ẹ̀rọ. Ẹ ṣí i. Ẹ rí orúkọ fáìlì yín níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọfà kékeré kan tó tẹ̀ kọ́rọ́ ti dúró sí igun rẹ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n ń pe irú èyí ní raccourci. Nígbà mìíràn ẹ ò tiẹ̀ ní rí nǹkan kan mọ́, àfi raccourci kan ṣoṣo. Àyà á já. Ọ̀rẹ́ kan tó dúró nítòsí á ní, "Kò sí wàhálà, ẹ formater ẹ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹ má formater. Ẹni tó bá formater fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu ohun tí kò tíì sọnù.

Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé kò tíì sọnù? Ẹ wo iye àyè tó ṣẹ́kù nínú clé náà. Bí ẹ̀rọ bá ní ó ti kún dé ìdajì, tí ẹ kò sì rí fáìlì kankan nínú rẹ̀, kí ló wá kún un? Àwọn fáìlì yín ni. Wọ́n wà níbẹ̀. Àrùn náà kò pa wọ́n, ó fi wọ́n pamọ́ ni. Ó wá gbé ayédèrú síwájú, kí ẹ lè tẹ̀ ẹ́, kí òun lè ráyè wọ inú kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, ẹ má tẹ ayédèrú yẹn. Ẹ lọ sí òkè fèrèsé tí ẹ ṣí, níbi tí wọ́n kọ Affichage sí. Ẹ wá Éléments masqués níbẹ̀. Ẹ fi àmì sí i. Nígbà mìíràn, àwọn fáìlì yín á yọjú, wọ́n á kàn ṣe bàìbàì díẹ̀. Bí wọn kò bá yọjú, ẹ gbé clé náà lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àṣẹ kékeré kan wà tí yóò tẹ̀, wọ́n á jáde. Kí ẹ da ojúlówó kọ sí ibòmíràn, kí ẹ wá pa ayédèrú rẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí Windows fúnra rẹ̀ yẹ clé náà wò. Ó ní ohun tó ń gbógun ti àrùn nínú, ọ̀fẹ́ ni, ó bá ẹ̀rọ wá. Kò dìgbà tí ẹnì kan bá ta òmíràn fún yín. Bí ẹ bá sì fẹ́ yọ clé, ẹ má fà á tu. Ẹ kọ́kọ́ ní kí ẹ̀rọ tú u sílẹ̀, ibi tí wọ́n kọ Éjecter sí nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ ṣì máa kọ nǹkan sínú rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ẹ bá fà á yọ níbi tó ti ń kọ ọ́, fáìlì náà lè má ṣí mọ́.

Àrùn mìíràn wà tí a ń fọwọ́ ara wa pè wọlé. Ètò tí wọ́n ń tà lówó ńlá, ẹnì kan ní òun ní i lọ́fẹ̀ẹ́, pé wọ́n ti crack ẹ̀. Ẹni tó já kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn yẹn fún yín, ṣé ẹ mọ ohun tó fi sínú ilé? Bí owó Word bá wọ́n, ẹ wá LibreOffice. Ọ̀fẹ́ ni, kò rú òfin, ó ń ṣí ìwé Word, ó sì ń kọ ọ́. Ẹ sì mọ̀ pé láti oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró fún ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò. Ẹ̀rọ náà á máa ṣiṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ihò tuntun tí àwọn olè bá rí lára rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò bá a dí i. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń lò ó, ọ̀rọ̀ tòní kàn yín ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín. Òótọ́ ló ṣẹlẹ̀.

Iléeṣẹ́ kan wà ní California, ní Amẹ́ríkà, Pixar lorúkọ wọn. Àwọn ló ṣe fíìmù tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa mọ̀, Toy Story 2. Ọdún 1998 ni wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀hún. Gbogbo fíìmù náà, orí kọ̀ǹpútà ló wà: igi inú rẹ̀, aṣọ inú rẹ̀, ojú àwọn bèbí náà. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan tẹ àṣẹ ìparẹ́ síbi tí kò yẹ. Oren Jacob, ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́, wà níbi tó ti ń wo àwọn àwòrán Woody, ọ̀gá àwọn bèbí náà. Fìlà Woody pòórá. Bàtà rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó pẹ́ díẹ̀, Woody fúnra rẹ̀ ò sí mọ́. Wọ́n kígbe pé kí wọ́n yọ wáyà ẹ̀rọ. Kí wọ́n tó yọ ọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà ti lọ.

Wọ́n ní kò burú, a ní ẹ̀dà. Wọ́n lọ gbé ẹ̀dà wá. Ẹ̀dà kò pé! Ó ti tó bí oṣù kan tí ohun tó ń ṣe ẹ̀dà kò ti ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́, kò sì sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbọ́ o. Iléeṣẹ́ ńlá. Owó wà. Ọgbọ́n wà. Ẹ̀rọ wà. Síbẹ̀, ọwọ́ wọn ṣófo.

Ta ló yọ wọ́n? Obìnrin kan tó ń jẹ́ Galyn Susman ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà. Kó lè máa tọ́jú ọmọ rẹ̀, kó sì máa ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ kan wà fún un nílé, ẹ̀dà fíìmù náà sì wà lórí rẹ̀. Wọ́n wa mọ́tò lọ sílé rẹ̀. Wọ́n fi kúbùsù wé kọ̀ǹpútà náà. Wọ́n tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn mọ́tò, wọ́n sì rọra wà á padà. Ẹ̀dà tó wà nílé ìyá ọmọ tuntun ni wọ́n fi rí iṣẹ́ àìmọye òṣìṣẹ́ gbà padà. Òótọ́ ni pé wọ́n tún ìtàn inú fíìmù náà tò lẹ́yìn náà kó tó jáde ní 1999, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn, ilé ìyá ọlọ́mọ ni ìrètí wà.

Kí ni mo fẹ́ kí ẹ mú nínú ìtàn yìí? Méjì ni. Ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ wà níta, kì í ṣe nínú ilé kan náà pẹ̀lú ojúlówó. Bí iná bá jó ilé, tàbí tí olè bá wọlé, kọ̀ǹpútà àti clé tó wà lórí tábìlì kan náà, wọ́n á jọ lọ ni. Èkejì, ẹ̀dà tí ẹ kò ṣí wò, ẹ má pè é ní ẹ̀dà. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ ki clé yẹn bọ ẹ̀rọ, ẹ ṣí fáìlì náà, ẹ ka ìlà kan nínú rẹ̀.

Àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ kì í so gbogbo àgbàdo tí yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ mọ́ àjà kan ṣoṣo. Díẹ̀ á wà lókè àdògán, díẹ̀ nínú àká, díẹ̀ nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi lóko, ẹ mọ èyí jù mí lọ. Ojú kan kò tó.

Ẹlòmíràn á ní, "Èmi ti kó tèmi sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó wà ní Google Drive. Kò sí olè níbẹ̀." Ó dára. Mo gbóríyìn fún yín. Àyè tí Google ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ tó kó ìwé gbogbo ìgbésí ayé ọ̀pọ̀ nínú wa. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ rántí oṣù kẹta ọdún 2024? Wáyà ńlá tó gba abẹ́ òkun kọjá, wọ́n já níwájú Abidjan. Kì í ṣe ẹyọ kan, mẹ́rin ni. SAT-3 àti ACE, tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Kútọnu, wà lára wọn. Láti Côte d'Ivoire dé Gánà, dé Tógò, dé ọ̀dọ̀ wa níbí ní Benin, dé Nàìjíríà, ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò ti dákẹ́ pátápátá, ó ń falẹ̀. Ó gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan lọ́jọ́ yẹn, iṣẹ́ náà kò bàjẹ́ o, ọwọ́ rẹ̀ ni kò tó o. Bí ọ̀la bá sì ni ọjọ́ tí yóò dúró níwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀ ńkọ́? Kí ló yàtọ̀ sí pé kò ní i?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ojú mẹ́ta wà. Ọ̀kan nínú ẹ̀rọ yín. Ọ̀kan nínú clé tí ẹ fi síbòmíràn. Ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà rárá, fóònù yín náà ńkọ́? Fọ́tò ìyá yín tó ti lọ, ṣé inú fóònù yẹn nìkan ló wà? Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín ní Àjàṣẹ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi Document, kì í ṣe bíi fọ́tò, nítorí WhatsApp máa ń dín dídán fọ́tò kù kó lè yára lọ.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ kan tó ń dùn mí. Ìwé ètò ìsìnkú. Ẹ jókòó, ẹ tẹ̀ ẹ́ nílé. Ẹ fi àmì sórí orúkọ olóògbé, ẹ fi àmì kékeré sábẹ́ ẹ, sábẹ́ ọ, sábẹ́ ṣ. Ó dára lójú. Ẹ gbé e dé ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ wo orúkọ náà: àpótí òfìfo ló wà níbi tí lẹ́tà wà. Tàbí kí àmì ohùn ti fò kúrò lórí lẹ́tà, kó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìdí ni pé irú lẹ́tà tí ẹ fi kọ ọ́ nílé kò sí lórí ẹ̀rọ tọ̀hún. Ẹ̀rọ tọ̀hún wá fi òmíràn dípò, èyí tí kò mọ Yorùbá. Kí ni ká ṣe? Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi ìwé náà pamọ́ bíi PDF pẹ̀lú. PDF máa ń gbé lẹ́tà tirẹ̀ dání. Bó ṣe rí lọ́dọ̀ yín ni yóò rí lọ́dọ̀ wọn. Kí ẹ tọ́jú ti Word fún àtúnṣe, kí ẹ gbé PDF lọ fún títẹ̀. Ojú méjì náà nìyẹn. Òkú wa yẹ lẹ́ni tí à ń kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti oko, ẹ kú oko. Ohun tí a ń sọ ni pé ojú kan kò tó fún iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ kó wà lójú méjì, lójú mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n, ojú tí kì í ṣe tiyín ńkọ́? Ẹ fetí sí èyí. Lóde òní, èèyàn lè béèrè ìwé ọjọ́ ìbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ ANIP, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìdánimọ̀ ará ìlú. Ìrọ̀rùn ńlá ni. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n bá yín wọlé, PDF jáde, wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún yín, ẹ sanwó, ẹ dúpẹ́, ẹ lọ. Fáìlì náà dà? Ó wà lórí ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ, nínú Téléchargements. Orúkọ yín, orúkọ bàbá yín, orúkọ ìyá yín, ọjọ́ tí wọ́n bí yín, ó wà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó tẹ̀ lé yín. Kí ẹ tó dìde, ẹ sọ fún wọn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa á rẹ́, kí ẹ sì tú Corbeille dànù." Kì í ṣe àfojúdi. Ẹ̀tọ́ yín ni. Bí ẹ bá ṣí WhatsApp yín lórí ẹ̀rọ wọn, ẹ mú fóònù yín, ẹ lọ sí Appareils connectés, ẹ yọ ẹ̀rọ náà kúrò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ti délé, wọ́n ṣì ń ka ọ̀rọ̀ yín.

Ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ aṣínà yín sínú ìwé, kí ẹ fi sí ibi tí ẹ ń kó ìwé ilẹ̀ sí. Kì í ṣe ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà o! Ọ̀rọ̀ aṣínà tiẹ̀ rán mi létí ìyọnu kan tó pọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, torí pé a sún mọ́ ààlà Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà wa, Ìkẹjà ní Èkó la ti ń rà á, ní Computer Village. Bọ́tìnnì ibẹ̀ ń bá ti èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ìka wa sì ti mọ́ ti Faransé lára. Ẹ tẹ A, Q jáde. Ẹ tẹ Z, W jáde. Ọ̀rọ̀ aṣínà yín tọ̀nà, ẹ̀rọ ní irọ́ ni, ẹ wá rò pé wọ́n ti jí i. Wọn kò jí i. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà lápá ọ̀tún. Ẹ ó rí FRA tàbí ENG níbẹ̀. Ẹ di bọ́tìnnì tó ní àmì Windows mú, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì gígùn tó wà nísàlẹ̀, èdè á yí padà bí méjèèjì bá wà lórí ẹ̀rọ yín. Ó tán.

Ẹ̀yin ará mi, mo mọ̀ pé ohun tí mo sọ lónìí pọ̀. Mi ò ní kí ẹ ṣe gbogbo rẹ̀. Ohun kan péré ni mo ń bẹ̀ yín fún. Kí ẹ tó sùn, ẹ mú fáìlì kan. Ẹyọ kan. Èyí tó jẹ́ pé bó bá lọ, ẹ ó sunkún. Ó lè jẹ́ mémoire. Ó lè jẹ́ àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́. Ó lè jẹ́ fọ́tò ọmọ yín nígbà tó wà ní ìkókó. Ẹ da á kọ sí ojú mìíràn, kí ẹ sì ṣí ẹ̀dà náà wò.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kàwé, ẹ pè é. Ẹ bi í pé, "Ojú mélòó ni iṣẹ́ rẹ wà?" Bó bá dáhùn pé ojú kan, ẹ má jẹ́ kó sùn kó tó di méjì. Ẹ̀yin tẹ ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, ẹ kọ Ctrl pẹ̀lú S sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí ojú gbogbo ènìyàn yóò ti máa rí i. Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ ṣe é lálẹ́ yìí, kí iná tó lọ. Ó dàárọ̀ o.